Ìgbẹ̀yìn Lalayò Ń Ta: Ìdí tí Àwọn Òǹkọ̀wé fi ń Kọ Ìtàn Ìfẹ́ Ọkùnrin sí Ọkùnrin àti Obìnrin sí Obìnrin

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń kọ ìtàn àròsọ lórí ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Dípò kí ó wá ìdáhùn sínú ìgbésí ayé òǹkọ̀wé nìkan, inú ìgbẹ̀yìn ìtàn ni ó wá a sí. Ìwé ìtàn àròsọ mẹ́fà àti ìtàn kúkúrú kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà ni ó gbé yẹ̀ wò. Èrò tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìgbẹ̀yìn ni ibi tí òfin, olóòtú, òǹkàwé àti òǹkọ̀wé ti ń fa ìtàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àti pé púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí gbé kálàmù nítorí pé ìyà nìkan ni àwọn ìtàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ fi ń parí ọ̀rọ̀ irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ìfáárà

Nígbà tí ìwé kan bá dá lórí ohun tí àwùjọ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu òǹkàwé kì í ṣe ti bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́, bí kò ṣe ti ohun tó mú un kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú ìtàn ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àwọn kan gbà pé ìtàn ara òǹkọ̀wé ni ó ń sọ lábẹ́ aṣọ. Àwọn kan ní owó ni ó ń wá. Àwọn mìíràn sì ní ṣe ni ó fẹ́ fi ìwé náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwàkiwà. Kò sí èyí tí ẹnì kan kì í sọ nínú kíláàsì lítíréṣọ̀, yálà ní ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ní ẹnu olùkọ́. Àléébù kan náà ni ó wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ènìyàn lè sọ wọ́n láì ṣí ìwé náà wò rárá.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Lámèyítọ́ tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ìwé kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìwé náà fúnra rẹ̀ rojọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti ṣe nìyẹn. Ó yẹ kí a ti ibi ọ̀rọ̀ lílò bẹ̀rẹ̀. Àwọn orúkọ tó wọ́pọ̀ ní ìgboro fún àwọn tó ń ní irú ìfẹ́ yìí jẹ́ èébú. Iṣẹ́ yìí kò lò wọ́n, nítorí pé orúkọ tí wọ́n fi ń bú ènìyàn kò lè jẹ́ irinṣẹ́ ìwádìí.

Ìlànà Ìṣàyẹ̀wò

Tíọ́rì ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ ni iṣẹ́ yìí gbé lé. Ohun tí tíọ́rì náà fi kọ́ni ni pé inú àwùjọ ni iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ti ń jáde, àti pé àwùjọ yìí kò mọ sí ìdílé àti ìlú tí òǹkọ̀wé ti wá nìkan. Òfin wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wà nínú rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gbé ìwé kiri àti òǹkàwé tó ń fi owó rẹ̀ rà á wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Apá kan ṣoṣo nínú ìhun ìtàn ni àyẹ̀wò náà yóò tẹjú mọ́, èyí tí í ṣe ìgbẹ̀yìn: kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn olólùfẹ́, níbo ni ìtàn sì fi wọ́n sí?

Ìgbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí Ìdájọ́

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Nínú àlọ́, ìyà tó jẹ Ìjàpá ní ìparí ni apàlọ́ fi ń fa ẹ̀kọ́ yọ. Nínú ìtàn àròsọ, àpẹẹrẹ tí kò ṣeé gbójú fò ni ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ tí I. B. Thomas gbé jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Obìnrin tó fi ẹwà rẹ̀ ṣayé ní Èkó ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, ṣùgbọ́n orí àìsàn, ìṣẹ́ àti àbámọ̀ ni ó ti ń ròyìn. Òǹkàwé gbádùn adùn ayé Ṣẹ̀gilọlá láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ẹ̀san ń bọ̀. Irú ìgbẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ dà bí owó ibodè. Òun ni ìtàn ń san kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọ ìlú.

Owó ibodè yìí kan náà ni àwọn ìtàn tó mẹ́nu ba ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ń san fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú The Interpreters tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1965, tí Ìbàdàn àti Èkó jẹ́ ara ibùdó rẹ̀, ẹ̀dá ìtàn kan wà tí ń jẹ́ Joe Golder, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Noah ṣubú láti òkè ilé rẹ̀, ó sì kú, níbi tó ti ń sá fún un. Kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ ni Ṣóyínká fẹ́ sọ. Ìdààmú àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni ó jẹ ẹ́ lógún. Síbẹ̀, ìwé náà fi ààyè tó wà fún irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀ hàn nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ìtàn ni ó wà, kì í ṣe àárín rẹ̀. Ikú sì wà nítòsí rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́, kí ìfẹ́ náà sì dé ibi tí ìfẹ́ ń dé, ní láti kọ ìtàn mìíràn.

Forster: Ìwé tó Dúró de Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní 1885 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó sọ gbogbo irú ìwà ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú, kódà bí ó bá jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Òfin yìí ni wọ́n fi ju òǹkọ̀wé Oscar Wilde sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ní 1895. Ọmọdé ni E. M. Forster nígbà náà. Ní 1913, ó bẹ Edward Carpenter wò ní Millthorpe, níbi tí òun àti George Merrill ti jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí olólùfẹ́ láì fi pa mọ́. Láti ibẹ̀ ni èrò ìwé Maurice ti sọ sí i lọ́kàn, ó sì parí àkọ́kọ́kọ rẹ̀ ní 1914.

Ìtàn náà kò ṣòro. Maurice Hall nífẹ̀ẹ́ Clive Durham ní yunifásítì Cambridge. Clive padà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìyàwó. Maurice lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó tún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ mú ènìyàn sùn kí ó lè yí ọkàn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n pàbó ni ó já sí. Níkẹyìn ni ó pàdé Alec Scudder, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú igbó ọdẹ fún àwọn ọlọ́rọ̀. Alec ti múra àtilọ sí Argentina, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lọ, àwọn méjèèjì sì wọ inú igbó lọ láti jọ máa gbé.

Ìgbẹ̀yìn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú àlàyé tí Forster kọ sẹ́yìn ìwé náà ní 1960, ó jẹ́ kó yé òǹkàwé pé dandan ni ìgbẹ̀yìn rere náà, àti pé láìsí i, òun kì bá má ti yọ ara òun lẹ́nu láti kọ ìwé náà rárá. Ó tún fi kún un pé ká ní òun jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ náà kú ni, kò ní ṣòro láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí tó lágbára nìyí. Òǹkọ̀wé náà mọ iye tí owó ibodè jẹ́, ó sì kọ̀ láti san án. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ti ìwé náà mọ́lé. Ó tẹ A Passage to India jáde ní 1924, kò sì tẹ ìtàn àròsọ gígùn mìíràn mọ́ títí tó fi kú ní 1970. Òfin ti yí padà díẹ̀ ní 1967, ṣùgbọ́n ọdún 1971, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni Maurice tó jáde. Ọdún 57 ni ó fi dúró. Ẹni tó bá ń wá owó tàbí òkìkí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ ní àkíyèsí pé inú igbó ni Forster fi wọ́n sí. Kò rí ilé kan ní ìlú, kò rí àdúgbò kan tó lè gbà wọ́n. Ìgbẹ̀yìn náà dára, ṣùgbọ́n ìta àwùjọ ni ó wà.

Amẹ́ríkà ní 1952: Ìwé Méjì, Ìgbẹ̀yìn Méjì

Bí Forster bá jẹ́ ẹni tó fi ìwé pamọ́ nítorí ìgbẹ̀yìn, obìnrin méjì ní Amẹ́ríkà tẹ tiwọn jáde ní ọdún kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà sì yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ ni Marijane Meaker, tó lo orúkọ Vin Packer láti kọ Spring Fire fún Gold Medal Books, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé olówó pọ́ọ́kú. Olóòtú rẹ̀ gbà kí ó kọ̀wé lórí ìfẹ́ láàárín akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì, ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dára fún wọn ní ìgbẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó ń gbé ìwé wọn kiri, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ìwé tí wọ́n bá rò pé ó ń yin irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ya wèrè. Èkejì sì pinnu pé òun kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí. Ìwé náà tà ju mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lọ. Síbẹ̀, ojú ti òǹkọ̀wé fún ìgbẹ̀yìn náà débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀. Ọdún 2004 ni ó tó tún jáde.

Èkejì ni Patricia Highsmith. Ní Oṣù Kejìlá 1948, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé ní ilé ìtajà Bloomingdale's ní New York, nígbà tí obìnrin kan wọlé wá ra nǹkan. Wọn kò sọ ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà ni Highsmith kọ ìlànà ìtàn tó wá di The Price of Salt sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ kọ̀ ọ́; òmíràn tẹ̀ ẹ́ ní 1952 lábẹ́ orúkọ Claire Morgan. Nínú rẹ̀, ọkọ Carol Aird háyà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti máa tọ ìyàwó rẹ̀ àti Therese lẹ́yìn, ohun tí ó rí gbà ni wọ́n sì fi gba ọmọ lọ́wọ́ Carol. Ó pàdánù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé tó kẹ́yìn, Therese rí i láàárín èrò ní ilé oúnjẹ kan, ó sì ń rìn lọ bá a.

Nígbà tí ìwé náà jáde ní ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú ní 1953, ó tà tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ẹ̀dà. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sọ́dọ̀ Claire Morgan, ẹni tí kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ ń dúpẹ́ pé àwọn rí ìwé kan tí irú àwọn kò ti pa ara wọn, tí wọn kò sì ya wèrè. Ọdún 1990 ni Highsmith tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, tí ó sì di Carol.

Àfiwé ìwé méjèèjì tú kókó kan sílẹ̀. Ọdún kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, obìnrin tó mọ ìfẹ́ obìnrin lára ni àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbésí ayé òǹkọ̀wé nìkan ni ó ń pinnu ìwé, ìgbẹ̀yìn wọn kò ní yàtọ̀ tó báyìí. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni ẹni tí ọ̀bẹ ìpín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olóòtú ni ó pín ìgbẹ̀yìn Spring Fire. Òǹkọ̀wé ni ó pín ti The Price of Salt.

Nígbà tí Ìgbẹ̀yìn Burúkú kì í ṣe Ìdájọ́

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ̀yìn burúkú ni owó ibodè. Ní 1956, James Baldwin tẹ Giovanni's Room jáde lẹ́yìn tí Knopf, tó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1953, ti kọ̀ ọ́. Giovanni ń lọ sí ibi tí wọn yóò ti bẹ́ ẹ lórí ní Paris. Bí òǹkàwé bá wo ìgbẹ̀yìn nìkan, yóò sọ pé ìyà tí Vin Packer fi jẹ àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ náà nìyí. Ṣùgbọ́n David ni ó ń sọ ìtàn náà, David tó nífẹ̀ẹ́ Giovanni tó sì sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Ẹ̀rù ni ìtàn náà dá lẹ́bi, kì í ṣe ìfẹ́. Baldwin pàápàá sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń bẹ̀rù àtinífẹ̀ẹ́ ni ìwé náà dá lé.

Annie Proulx fi apá mìíràn hàn. Obìnrin tó ti gbé ọkọ ni, ìtàn ara rẹ̀ kọ́ sì ni ó sọ nínú "Brokeback Mountain" tó jáde nínú The New Yorker ní 1997. Ìwà òǹrorò tí àwùjọ àwọn darandaran ní Wyoming ń hù sí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kí òǹkàwé rí, nítorí náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì fi kú. Lẹ́yìn tí fíìmù rẹ̀ jáde ní 2005, àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbẹ̀yìn tuntun tí àwọn fúnra wọn kọ ránṣẹ́ sí i, nínú èyí tí ayé ti dára fún àwọn olólùfẹ́ náà. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní 2009, Proulx kò fi inú rẹ̀ tí kò dùn sí èyí pamọ́. Ó tọ́ kí ó bínú, nítorí pé wọ́n fẹ́ gba ọ̀bẹ ìpín lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ohun tí àwọn òǹkàwé yẹn ṣe náà ní ìtumọ̀. Ebi ìgbẹ̀yìn kan ń pa wọ́n. Irú ebi bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ẹlòmíràn di òǹkọ̀wé.

Nàìjíríà: Ibo ni Wọ́n Ń Lọ?

Ní 2005 ni Jude Dibia tẹ Walking with Shadows jáde, ìwé tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó fi ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Adrian Njoko ní iṣẹ́ gidi ní Èkó, ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ. Nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ fún ìdáǹdè, níbi tí wọ́n ti nà án. Adrian kò kú. Èyí nìkan ti yà á sọ́tọ̀ sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ tí Forster kò ti rí ibi fi àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sí àfi inú igbó ni ó wá di ibi ìsádi fún Adrian.

Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó de ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni òfin náà là sílẹ̀ fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní 2015, Chinelo Okparanta, tí wọ́n bí sí Port Harcourt, tẹ Under the Udala Trees jáde. Ó mẹ́nu ba òfin yìí nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sẹ́yìn ìwé náà, ó sì sọ pé òun kọ ọ́ kí ohùn àwọn tí òfin náà bá wí lè rinlẹ̀ sí i. Ṣàṣà ni òǹkọ̀wé tó máa ń sọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀ kedere tó bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ìwé náà sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Lẹ́yìn ogun Bíáfírà, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì tí ìyá rẹ̀ fi fẹ́ tún un ṣe, lẹ́yìn ìgbéyàwó tí kò bá a lára mu, Ijeoma fi ilé ọkọ sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá náà sì gbà á. Òun àti Ndidi kò rékọjá òkun. Ndidi a máa sọ fún un nípa ìlú kan tí ìfẹ́ gbogbo ti rọrùn. Ìlú tó bá sì dárúkọ lónìí kọ́ ni yóò dárúkọ lọ́la. Inú Nàìjíríà ni gbogbo wọn wà.

Bí òǹkàwé bá to àwọn ibùdó ìgbẹ̀yìn wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò rí ohun tí ìgbésí ayé òǹkọ̀wé kankan kò lè fi hàn án. Inú igbó, ilé oúnjẹ láàárín ìlú, ilẹ̀ òkèèrè, ilé ìyá. Ohun tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń bèèrè ni ibi tí àwùjọ rẹ̀ lè gba irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ sí láàyè.

Ọ̀rọ̀ Owó

Ẹ̀sùn owó kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà jèrè lórí irú ìwé yìí, òde òní sì ni ọjà rẹ̀ gbòòrò jù lọ ní òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀sùn náà kóni lọ jìnnà. Kò sí kọ́bọ̀ tí Forster jẹ lórí Maurice. Orúkọ tó ti ń dún ni Baldwin fi tayò. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé Dibia, kì í ṣe òyìnbó. Níbi tí owó ti lágbára jù lọ, ní 1952, ìgbẹ̀yìn burúkú ni owó bẹ̀rẹ̀ fún. Owó lè mú kí ènìyàn kọ̀wé lórí irú ìfẹ́ yìí. Kò ṣàlàyé ìdí tí ẹnì kan yóò fi tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí ó yọrí sí rere.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń kọ ìtàn ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì kò ṣeé kó sínú gbólóhùn kan nípa irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan kọ ọ́ láti ya ìgbẹ̀yìn kan gbà kúrò lọ́wọ́ òfin, bí i Forster àti Okparanta. Àwọn kan kọ ọ́ láti dá ẹ̀rù àti ìkà lẹ́bi, bí i Baldwin àti Proulx. Meaker kọ ọ́, ó san owó ibodè, ó sì kábàámọ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ojú ewé tó kẹ́yìn ni gbogbo wọn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ lè rí ìlànà kan mú nínú èyí. Ìbéèrè mẹ́ta ló wúlò láti gbé ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ ju ìbéèrè nípa irú ènìyàn tí òǹkọ̀wé jẹ́ lọ: Ta ni ó jìyà ní ìgbẹ̀yìn? Ta ni ó pinnu pé kí ó jìyà? Níbo ni ìtàn fi àwọn olólùfẹ́ sí? Àwọn ìbéèrè yìí ṣeé bi lórí Ṣẹ̀gilọlá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣeé bi lórí Carol àti Ijeoma, wọn kò sì ní kí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà kí ó tó lè dáhùn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ó ka ìwé dé òpin.

Ó sì ṣe pàtàkì pé kí ó kà á dé òpin, nítorí pé kò sí olùkọ́ tó mọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tó wá sọ́dọ̀ Claire Morgan ní 1953 fi hàn pé òǹkàwé lè fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ẹni tó jọ ọ́ nínú ìwé, kí ó má sì rí i àfi nínú pósí. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìtàn ní láti mọ̀ pé ìgbẹ̀yìn tí òun gbóríyìn fún ní kíláàsì lè jẹ́ ìdájọ́ ní etí ẹnì kan tí kò ní na ọwọ́ sókè láti bèèrè ìbéèrè.